Ìwé Ìbéèrè, Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́ tàbí Ẹ̀rọ? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a fi ń mọ iye ìgbà tí oòrùn ti jó ènìyàn àti iye ìgbà tó ti lo sunbed

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ awọ ara, tàbí tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìkìlọ̀ nípa oòrùn ń wọ àwọn èèyàn létí, kò lè sá fún ìbéèrè méjì. Ẹ̀ẹ̀melòó ni oòrùn ti jó ọ lára rí? Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti lo sunbed, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì oníná tí àwọn aláwọ̀ funfun máa ń dùbúlẹ̀ sí kí awọ ara wọn lè dúdú díẹ̀ láì jáde sí oòrùn? Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè dáhùn wọn. Ẹnu ẹni náà la ti máa ń gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu náà sì lè gbàgbé, ó lè bù mọ́ ọn, ó sì lè bù kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, fi ìtànṣán oòrùn sí Ìsọ̀rí Kìíní àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ní 1992. Ní 2009 wọ́n fi sunbed àti àwọn ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ síbẹ̀ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2006, ìgbìmọ̀ wọn ti kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé ewu melanoma, oríṣi jẹjẹrẹ awọ ara tó léwu gan-an, fi ìdá 75 nínú 100 ga sí i lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo sunbed kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 35. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí yẹn wá láti inú ohun tí àwọn èèyàn rántí. Bí ìrántí bá wọ́, iye tí a rí á wọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí a máa fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni pé bí a bá padà béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹni kan náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ṣé ìdáhùn kan náà la máa gbọ́? Àwọn olùwádìí sábà máa ń fi kappa wọn èyí. Bí kappa bá jẹ́ 0, ìdáhùn méjèèjì kò bára mu ju ohun tí orí-ire lásán lè mú wá lọ. Bó bá jẹ́ 1, wọ́n bára mu pátápátá. Landis àti Koch ló pín in sí ìpele ní 1977: 0.41 sí 0.60 jẹ́ ìbámu àárín, 0.61 sí 0.80 lágbára. Àwọn fúnra wọn sọ pé àwọn kàn fa ìlà yẹn bó ṣe wù wọ́n ni, àmọ́ ìwé lórí ìwé ló ń lò ó bí ẹni pé òfin ni.

Èkejì ni òótọ́, ó sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni oòrùn jó òun nígbà èwe lè tún sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni lọ́dún tó ń bọ̀, kó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni. Kappa rẹ̀ á dára. Ìdáhùn rẹ̀ kò dára. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ti ń fẹsẹ̀ kọ nìyí: wọ́n á sọ pé ìbéèrè wọn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n fi hàn kò ju pé àwọn èèyàn kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹ̀kẹta ni bóyá àìsàn ń yí ìdáhùn padà, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Àṣìṣe tó bá kan gbogbo èèyàn bákan náà sábà máa ń mú kí ewu dà bíi pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Èyí tó bá kan àwọn aláìsàn nìkan lè dá ewu tí kò sí sílẹ̀, ó sì lè sọ èyí tó wà di ńlá.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó, wàhálà tí a ń kó bá àwọn tó ń kópa, àti ìgbà tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lè dé: ṣé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, àbí ogójì ọdún sẹ́yìn?

Ìbéèrè nípa gbogbo ìgbésí ayé

Kò náni lówó púpọ̀. Ẹ tẹ ìwé ìbéèrè, ẹ fi ránṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì lè dáhùn. Ó tún ní àǹfààní kan tí àwọn yòókù kò ní: òun nìkan ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ orí kan pàtó nígbà èwe. Melanoma lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú lẹ́yìn tí oòrùn ti ba awọ jẹ́, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí aláìsàn ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè wà lára ohun tó yẹ ká mọ̀.

Ibi tó ti ń jáni kulẹ̀ ni iye. Ẹ bi àwọn èèyàn léèrè iye ìgbà tí oòrùn jó wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18, ẹ ó rí i pé ìdáhùn máa ń kóra jọ sórí 5, 10 àti 20. Kò sẹ́ni tó kà á. Wọ́n ń fojú bù ú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí a má ṣe fi àyè òfo sílẹ̀ fún iye, kí a fún wọn ní ìpele: kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpele lè ya ẹni tí oòrùn jó gan-an sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò jó rí, kò sì yẹ ká retí ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ ìrántí.

Ìṣòro kejì ni ohun tí ẹni tó ń dáhùn kà sí pé oòrùn jó òun. Ẹnì kan á ka èjìká tó pọ́n díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó lọ sí etíkun, ẹlòmíì ò ní ka ohunkóhun àfi èyí tó lé ròrò. Àwọn ìbéèrè kan fi pupa tó ju wákàtí 12 lọ ṣe ààlà, àwọn míì fi ìrora tó tó ọjọ́ méjì tàbí ara tó lé ròrò ṣe é. Èyí tó le jù ni wọ́n máa ń rántí jù, torí pé ó dá wọn dùbúlẹ̀ tàbí kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ aṣọ. Àmọ́ bí ẹ bá dúró lé e nìkan, ọ̀pọ̀ jíjó tó fúyẹ́ á bọ́ sọ nù. Ẹ tún kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ “pupa” kò bá gbogbo awọ mu. Lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú, pupa kì í hàn dáadáa. Ara gbígbóná, ríro, yíyún, àti awọ tó ń bó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi mọ̀. Ìwé ìbéèrè tí kò bá dárúkọ àwọn wọ̀nyí yóò ka ẹni tí oòrùn jó mọ́ àwọn tí kò jó, àṣìṣe yẹn kò sì ní kan gbogbo èèyàn bákan náà.

Ní ti ìrántí tí àìsàn ń yí padà, àpẹẹrẹ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976 ń tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn kan nínú wọn ti dáhùn ìbéèrè nípa irun àti awọ ara wọn kí melanoma tó mú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ní in, àwọn olùwádìí tún béèrè lọ́wọ́ wọn. Gẹ́gẹ́ bí àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, ìdáhùn nípa àwọ̀ irun dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n ìdáhùn nípa bí awọ ṣe ń dúdú nínú oòrùn yí padà: àwọn tó ti di aláìsàn wá ń sọ pé awọ àwọn kì í dúdú tó bí wọ́n ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Wọn kò parọ́. Ẹni tí àrùn dé bá máa ń wá ìdí rẹ̀ kiri nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tí a lè rí nínú dígí ò yí padà. Ohun tó nílò ìdájọ́ yí padà, iye ìgbà tí oòrùn jóni sì wà lára àwọn ohun tó nílò ìdájọ́. Mi ò ní tìtorí èyí sọ pé kí a jáwọ́ nínú ìbéèrè gbogbo ìgbésí ayé, àmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ béèrè kí àìsàn tó dé.

Sunbed yàtọ̀ sí èyí, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀. Oòrùn máa ń jóni láì rò tẹ́lẹ̀. Sunbed ńkọ́? Ẹni náà gbéra nílé, ó sanwó, ó bọ́ra, ó dùbúlẹ̀, aago ń ka ìṣẹ́jú fún un. Ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tó sì náwó sí, kì í tètè sá kúrò lọ́kàn. Bóyá ó ti lò ó rí tàbí kò lò ó rí, àti ọjọ́ orí tó wà nígbà tó kọ́kọ́ lò ó, jẹ́ ìdáhùn tí mo lè gbọ́kàn lé. Àpapọ̀ iye ìgbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọdún méje ni mi ò ní gbára lé tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010 láti ìpínlẹ̀ Minnesota, wọ́n fi ọdún, wákàtí àti iye ìgbà wọn ìlò sunbed, ewu melanoma sì ń ga sí i bí ìlò ṣe ń pọ̀ sí i. Ó dára láti béèrè ju ọ̀nà kan lọ bẹ́ẹ̀, torí pé bí ọ̀nà kan bá ṣì wá lọ́nà, òmíràn lè ṣe ẹ̀rí lòdì sí i.

Ẹ rí i dájú pé ìbéèrè yín yọ ọ̀dà tí wọ́n ń fọ́n sára kí awọ lè dúdú kúrò, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń kà á mọ́ sunbed. Ẹ ya ìtọ́jú onímọ́lẹ̀ tí dókítà ń fún ẹni tó ní psoriasis, àrùn awọ ara kan, sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Fún àwọn àgbàlagbà, ẹ fi àwòrán hàn wọ́n: iná tí wọ́n ń gbé ka tábìlì láyé àtijọ́ kò jọ sunbed òde òní, UVB (UVA àti UVB jẹ́ oríṣi méjì ìtànṣán UV, èyí tó ń jáde lára oòrùn àti sunbed) tó ń jáde lára rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn bẹ́ẹ̀dì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ, tí ìtànṣán wọn jẹ́ UVA jù. Bí ẹ bá bi wọ́n nípa “bẹ́ẹ̀dì” nìkan, wọ́n á ní àwọn ò lò ó rí.

Ìbéèrè nípa oṣù 12 tó kọjá

Èyí ni ìjọba máa ń lò. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama, YRBS, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa sunbed ní 2009, ó sì sọ kedere pé kí wọ́n má ka ọ̀dà tí wọ́n ń fọ́n sára. Ọdún kan súnmọ́ tòsí, ìrántí ṣì gbóná. Ó dára gan-an láti mọ̀ bóyá àṣà ń dín kù láàárín ará ìlú. Kò wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń wá ohun tó fa àìsàn.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Èèyàn máa ń fa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù 15 sẹ́yìn wọ inú oṣù 12, pàápàá bó bá jẹ́ ìjóná tó le. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ dárúkọ ìgbà, “láti ìgbà ẹ̀rùn ọdún tó kọjá”, ẹ sì béèrè nígbà kan náà lọ́dọọdún. Èkejì le ju ìyẹn lọ, òun ni ìtìjú àti ìbẹ̀rù òfin. Brazil fi òfin de sunbed ìṣaralóge pátápátá ní 2009. Ọdún yẹn kan náà ni Jámánì kà á léèwọ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18; irú òfin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales ní 2011, ó sì dé California ní 2012. Lẹ́yìn irú òfin yìí, bí iye àwọn ọ̀dọ́ tó ní àwọn lo sunbed bá já wálẹ̀, ṣé ìlò ló dín kù ni, àbí ìjẹ́wọ́ ló dín kù? Ìwé ìbéèrè nìkan kò lè yà wọ́n. Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́ ni pé kí ọmọ náà dáhùn fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tàbí ìwé tí kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kí òbí tàbí olùkọ́ má sì jókòó tì í.

Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́

Bó bá jẹ́ òótọ́ ìdáhùn nìkan là ń wá, òun ló borí lórí ọ̀rọ̀ jíjó oòrùn. Ẹni náà kò nílò ìrántí. Ara rẹ̀ ṣì ń ta á. Àmọ́ ẹ má sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Pupa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oòrùn, ó sì máa ń dé góńgó láàárín wákàtí 12 sí 24. Ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lágogo mẹ́sàn-án alẹ́ lè kọ “rárá” kó tó jí láàárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń jó bí iná. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló tọ́, kí a sì bi í nípa àná. Fún sunbed, ọjọ́ náà gan-an dára, kó kọ ìṣẹ́jú tó lò mọ́ ọn.

Wàhálà rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn kan á jáwọ́, àwọn míì á wá kọ ti ọjọ́ méje pa pọ̀ lọ́jọ́ Sunday, ìyẹn sì ti di ìrántí padà. Ìránnilétí orí fóònù tó ń ti ojú ewé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pa lẹ́yìn wákàtí mélòó kan lè dá èyí dúró. Ohun kan wà tí kò ní oògùn: ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ pé oòrùn jó òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán

Ní 1976 ni Davis, Deane àti Diffey fi hàn pé fíìmù polysulphone, ike pẹlẹbẹ kan tí UV máa ń yí padà, ṣeé lò bí ẹ̀rọ ìwọn tí èèyàn lè lẹ̀ mọ́ ara. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ bí aago dé. Àwọn olùwádìí ní Denmark lo irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SunSaver pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. SED, ìwọ̀n kan fún ìtànṣán tó lè jó awọ, ni wọ́n fi ń ka ohun tó bá wọn, SED kan sì jẹ́ joule 100 lórí mítà kan níbùú lóròó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ro agbára ìtànṣán kọ̀ọ̀kan láti jó awọ mọ́ ọn.

Iye tó dájú ló ń fún wa, àmọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn ni. Ọrùn ọwọ́ ló ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀yìn. Kò mọ̀ bóyá ẹni náà wọ aṣọ tàbí fi ìpara pa ara. Iye SED kan náà lè jó ẹnì kan kó má sì ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan. Ó tún gbówó lórí, kò sì lè padà sí àná. Ibi tó ti wúlò gidi ni láti yẹ ìwé ìbéèrè wò: kí èèyàn díẹ̀ wọ̀ ọ́, kí àwọn kan náà sì dáhùn ìbéèrè, ká lè mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe jìnnà sí ohun tí ẹ̀rọ rí.

Awọ ara fúnra rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ àwọn ẹlòmíì

Mo máa sáré kọjá níbí. Ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀ ara lè fi apá tí oòrùn ń rí wé abẹ́ apá tí kì í rí i, ṣùgbọ́n dúdú yẹn máa ń ṣá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì lè sọ bóyá oòrùn ló fà á tàbí sunbed. Ọ̀nà tí Beagley àti Gibson gbé kalẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1980, tí wọ́n fi ń fi silikóònù gba àwòrán ẹ̀yìn ọwọ́ kí wọ́n lè ka bí awọ ṣe rún tó, ń fi oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún hàn lápapọ̀. Àmọ́ ogbó náà ń rún awọ, a ò sì lè ka ọjọ́ tí oòrùn jóni nínú rẹ̀.

Fáìlì ilé ìwòsàn kò wúlò fún jíjó oòrùn, nítorí ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé oníbàárà ilé ìtajà sunbed dára bí ẹ bá rí i gbà, ó ní ọjọ́ àti ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n oníbàárà lè ní ilé ìtajà mẹ́ta, sunbed sì wà nínú ilé àwọn èèyàn àti ní ibi ìdárayá. Òbí ṣeé bi léèrè nípa ọmọ kékeré. Ní ti ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 16, ẹ bi òun fúnra rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó fẹ́ fi àwọn tó ní melanoma wé àwọn tí kò ní, kó mú ìbéèrè gbogbo ìgbésí ayé. Kó fi ibi tí ẹni náà gbé, ilé ìwé tó lọ, àti iṣẹ́ tó ṣe ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ran ìrántí lọ́wọ́ kó tó béèrè nípa oòrùn. Kó fi bóyá ó ti lo sunbed rí àti ọjọ́ orí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe òpó iṣẹ́ rẹ̀, kó sì fi iye ìgbà tí oòrùn jóni ṣe àfikún. Kí ẹni tó ń béèrè má mọ aláìsàn yàtọ̀ sí ẹni tára rẹ̀ le, bó bá ṣeé ṣe.

Àjọ tó lówó, tó sì lè tẹ̀ lé èèyàn fún ọdún púpọ̀, kó béèrè nísinsìnyí kí àrùn tó dé, kó sì tún un béèrè lọ́dún mélòó kan sí i. Kó mú ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú wọn, kó fún wọn ní àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àti ẹ̀rọ fún oṣù kan nígbà ẹ̀rùn. Owó tó bá bá ìyẹn lọ wúlò ju kó fi kún iye àwọn tó ń dáhùn ìwé ìbéèrè lọ.

Ẹni tó ń wo bóyá ìpolongo tàbí òfin ṣiṣẹ́, oṣù 12 ni kó mú. Kó má ṣe yí ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè padà láti ọdún dé ọdún, àní bó bá tilẹ̀ rí èyí tó dùn jù ú lọ. Bó bá pọn dandan kó yí i, kó béèrè ti àtijọ́ àti ti tuntun pọ̀ fún ọdún kan.

Ẹni tó ń dán ìpara oòrùn tàbí ètò ẹ̀kọ́ tuntun wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àkọsílẹ̀ òwúrọ̀ ló bá a mu.

Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń ka ìròyìn pé ìwádìí kan rí èyí tàbí tọ̀hún, ẹ wá gbólóhùn tó sọ ìgbà tí wọ́n béèrè: ṣé kí àìsàn tó dé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tó sì jẹ́ iye ìgbà tí oòrùn jóni ní èwe ni gbogbo àbájáde náà dúró lé, ẹ dúró de ìwádìí mìíràn. Bí ó bá jẹ́ bóyá ẹni náà ti lo sunbed rí, tí wọ́n sì yọ ọ̀dà fífọ́n kúrò, ẹ lè gbà á gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.